Mo san 695 pọ́ùn láti di tíṣà tai chi: ohun tójú mi rí rèé

Ó ti tó èèyàn mẹ́fà tó ń bi mí lábẹ́lẹ̀ pé kọ́ọ̀sì tí mo fi di tíṣà tai chi yẹn, eré ìdárayá àwọn ará Ṣáínà tí wọ́n ń ṣe pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣé káwọn náà lọ forúkọ sílẹ̀ ni àbí káwọn jókòó sáyè àwọn. Mi ò lè máa tẹ̀ ẹ́ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan mọ́, àtàǹpàkò ti ń ro mí, torí náà ibí ni mo máa da gbogbo ẹ̀ sí. Ó máa gùn o, ẹ gbé tíì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Mi ò ní dárúkọ iléeṣẹ́ náà, mi ò lówó lọ́yà. Kì í ṣe ètò Dókítà Paul Lam o, dókítà ará Ọsirélíà tó gbé tai chi fáwọn tó ní àrùn oríkèé kalẹ̀ lọ́dún 1997, torí ẹnì kan ti ń rò pé òun ni mò ń bú. Tèmi jẹ́ tàwọn kan tí wọ́n máa ń yọ lójú Facebook mi láàárín òru tí mo bá wà lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n á ní "Di tíṣà tai chi láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà". Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà! Àgbàdo téèyàn gbìn ò tíì ní yọmọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èmi sì lọ sanwó, àfi bíi pé ẹnì kan ló ń tì mí.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀. Iṣẹ́ kíà ni mò ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, gbígbé àwọn àgbàlagbà dìde, wíwẹ̀ fún wọn, títì wọ́n kiri, ọdún kẹsàn-án rèé. Nígbà tó yá orúnkún mi ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fepo sí láti ọjọ́ yìí. GP, ìyẹn dókítà àdúgbò mi, ò fún mi ní nǹkan kan ju parasítámọ̀ lọ, ló bá fi mí lé obìnrin kan lọ́wọ́ nínú ilé ìwòsàn wọn níbẹ̀ tó jẹ́ pé iṣẹ́ tiẹ̀ ni kó máa júwe ẹgbẹ́ akọrin, oko dídá, kíláàsì fún èèyàn dípò oògùn, social prescribing lorúkọ ẹ̀. Òun ló júwe kíláàsì tai chi kan fún mi nítòsí Lewisham. Mo lọ torí pé ọ̀fẹ́ ni, ẹ má dá mi lẹ́jọ́.

Bàbá àgbàlagbà kan ará Màléṣíà ló ń kọ́ wa níbẹ̀. Ìlà àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ Cheng Man-ch'ing ni wọ́n ti kọ́ ọ, ọ̀gá ará Ṣáínà yẹn tó gé fọ́ọ̀mù ìdílé Yang tó gùn gbọọrọ, ìyẹn àwọn ìgbésẹ̀ téèyàn ń ṣe tẹ̀ léra, kù sí ìgbésẹ̀ 37, ó ti kú lọ́dún 1975. Oṣù mẹ́ta gbáko, dídúró ni bàbá yìí ní ká máa dúró, orúnkún títẹ̀ díẹ̀, apá gbígbé bíi pé èèyàn gbá ìkòkò ńlá mọ́ra, kò sí nǹkan míì. Mo máa ń rò ó lọ́kàn pé ṣé ohun tí mo ṣe fi iṣẹ́ alẹ́ dé, tí mi ò tíì sùn, tí mo fi wá síbí nìyí, kí n wá dúró bí òpó iná? Àmọ́ oṣù kẹrin, orúnkún ò dún mọ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í rò ó nìyẹn pé èmi náà lè kọ́ àwọn èèyàn, pàápàá àwọn ìyá wa tí mò ń rí ní Rye Lane tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ọjà wọn ṣe ọ̀pá ìtilẹ̀.

Ibi tí mo ti ṣìnà nìyí, ó sì yẹ kí n mọ̀. Télọ̀ ni ìyá mi ní Mọ́kọ́lá n'Íbàdàn, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni wọ́n tọ́ mi dàgbà sí. Ọmọ iṣẹ́ tó bá wá sọ́dọ̀ wọn, ọdún mẹ́ta ni wọ́n ń dá fún un. Ọdún kìíní, ilẹ̀ lo máa gbá, wọ́n á rán ẹ lọ ra òwú, wà á máa tú ohun tí wọ́n rán kọ, wà á máa gán bọ́tìnnì, kò sẹ́ni tó máa fi àlùmọ́gàjí lé ẹ lọ́wọ́ kó o fi gé léèsì oníléèsì. Ìgbà tó o bá gba fríídọ̀m ni wọ́n tó máa gbé àlùmọ́gàjí fún ẹ lójú àwọn òbí ẹ, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á ya fọ́tò, ráìsì á sọ̀. Mo wá rò pé tàwọn ará Ṣáínà á yàtọ̀ ni. Kò yàtọ̀. Bàbá wa, ará Màléṣíà yẹn, sọ fún mi pé ọmọ iṣẹ́ tí ọ̀gá bá fẹ́ gbà wọlé, á kúnlẹ̀, á gbé tíì fún ọ̀gá ẹ̀ níwájú àwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́, baishi ni wọ́n ń pè é, shifu ni wọ́n sì ń pe irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́, "bàbá" wà nínú ẹ̀. Mo ní hà, Mọ́kọ́lá náà kọ́.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wọnú kọ́ọ̀sì.

Ohun tí wọ́n ń tà ni fídíò tó o máa wò nílé fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, pẹ̀lú wíkẹ́ńdì kan ní òtẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá pápákọ̀ òfurufú, lẹ́yìn náà sátífíkéètì. 695 pọ́ùn. Òtẹ́ẹ̀lì náà kò sí nínú owó yẹn o, ìwọ lo máa wá ibi tó o máa sùn. Fídíò àkọ́kọ́ sọ ìtàn bí tai chi ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sì dáa díẹ̀, wọ́n sọ nípa Yang Luchan, ọmọ tálákà tó lọ kọ́ iṣẹ́ náà lọ́dọ̀ Chen Changxing lábúlé Chenjiagou ní ìpínlẹ̀ Henan ní Ṣáínà. Wọ́n ní àwọn ẹbí Chen kì í kọ́ ará ìta, pé ṣe ló ń yọjú wò wọ́n lára ògiri lóru. Kálukú ló ní bó ṣe ń pa ìtàn yẹn. Èyí tó dájú ni pé ó pẹ́ níbẹ̀ gan-an kó tó gba Beijing lọ, tó ń kọ́ àwọn ará ààfin, ó sì kú lọ́dún 1872. Ọmọ ọmọ ẹ̀, Yang Chengfu, ló wá mú kí ọwọ́ àwọn mẹ̀kúnnù bà á. Wọ́n parí ìtàn yìí, orin dún, ọkùnrin inú fídíò rẹ́rìn-ín músẹ́ ó ní ẹ̀yin náà ti bọ́ sínú ìlà yìí báyìí. Mo wo ara mi lórí àga pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ lọ́rùn. Yang Luchan fi ọ̀pọ̀ ọdún jẹun ọmọ ọ̀dọ̀, èmi ti wọ ìlà láàárín ìṣẹ́jú mọ́kànlá.

Fọ́ọ̀mù 24 ni wọ́n fi kọ́ wa, èyí tí àjọ eré ìdárayá ìjọba Ṣáínà tò jọ lọ́dún 1956 kí gbogbo mùtúmùwà lè máa rí i ṣe. Téèyàn bá ṣe é tán kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́fà. Mi ò bá fọ́ọ̀mù jà, ó dáa, òun náà ni mò ń kọ́ àwọn èèyàn mi títí dòní, wọ́n sì gé e sí ìdì mẹ́jọ nínú fídíò, èyí tó ràn mí lọ́wọ́ láti máa fi kọ́ àwọn àgbà díẹ̀díẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé fídíò ò lè rí ẹ. Mo ń tẹ orúnkún sínú, fídíò ń sọ "ó dáa gan-an, ẹ kú iṣẹ́".

Wíkẹ́ńdì náà wá dé. Èèyàn 26, tíṣà kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin obìnrin yẹn kí n tó máa bá àwọn ọ̀gá ẹ̀ jà, torí ó mọṣẹ́. Ohun kan ló kọ́ wa tí mo gbà pé ó ju 100 pọ́ùn lọ nínú owó mi, òun ni dígí. Mo ti rò pé kíkọ́ni ò ju kéèyàn dúró níwájú, kó kẹ̀yìn sáwọn èèyàn kó máa ṣe é, kí wọ́n máa wò ó. Ó ní rárá o, bẹ́ ẹ bá kẹ̀yìn sí wọn ẹ ò ní mọ ẹni tó ń ṣubú. Ẹ kọjú sí wọn, ẹ wá máa ṣe gbogbo ẹ̀ lódì, ẹnu yín á máa sọ "ẹsẹ̀ òsì", ẹsẹ̀ ọ̀tún yín lá máa lọ, bíi dígí. Ẹ dìde báyìí kẹ́ ẹ gbìyànjú ẹ̀ wò. Odindi ọ̀sán la fi ń ṣe é, orí mi yí, mo ń sọ òsì mò ń gbé òsì, ọkùnrin kan tó ní òun ti ń kọ́ni ní yoga tipẹ́ kàn jókòó sílẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín. Oṣù méjì ni mo fi ń ṣe é níwájú fèrèsé ìdáná mi kó tó wọ̀ mí lára. Kò sí kíláàsì kan tí mo kọ́ láti ìgbà náà tí mi ò lò ó.

Ohun tó kù, ẹ má bínú, òfo ni. Ìdánwò: wọ́n tan fídíò sára ògiri, gbogbo wa ṣe fọ́ọ̀mù 24 pa pọ̀, a ń wo fídíò. Ìyẹn lásán. Ẹni tó wà lápá òsì mi ń gbé ọwọ́ ọ̀tún níbi tí fídíò ti ń gbé òsì látìbẹ̀rẹ̀ dópin, èmi àti ẹ̀ jọ gba sátífíkéètì ni, a jọ ya fọ́tò. Kò sẹ́ni tó kọ́ wa bó o ṣe máa ṣe ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá fínra tó ní òyì ń kọ́ òun, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan lórí ẹni tí wọ́n ti pààrọ̀ egungun ìbàdí ẹ̀, wákàtí kan àtààbọ̀ ni wọ́n wá fi sọ̀rọ̀ bá a ṣe máa ta ọjà wa lórí Instagram. Wọ́n tún ní ká ra ṣáàtì wọn 32 pọ́ùn. Wọ́n fi UNESCO há ẹ̀gbẹ́ lógò wọn, tẹ́ni tí ò mọ̀ á fi rò pé UNESCO ló rán wọn níṣẹ́, bẹ́ẹ̀ taijiquan, ìyẹn tai chi, fúnra ẹ̀ ni UNESCO fi sínú àkójọ àṣà ìbílẹ̀ ayé ní December 2020, wọn ò mọ àwọn ará òtẹ́ẹ̀lì yìí rí. Àti gbogbo ìlérí inú ìpolówó wọn, ó ń wo àtọ̀gbẹ, ó ń wo jẹjẹrẹ, ó ń wo gbogbo ẹ̀ bí àgbo jẹ̀díjẹ̀dí inú mọ́tò. Èmi tó ń ṣiṣẹ́ kíà, ojú tì mí fún wọn.

Èyí tó wá dùn mí jù, wọn ò sọ ọ́ sókè kéèyàn tó sanwó: lọ́dọọdún o máa san 120 pọ́ùn kórúkọ ẹ má bàa kúrò nínú ìwé wọn. Tó o bá ṣíwọ́ owó, o kì í ṣe tíṣà mọ́. Ìyá mi ò gba àlùmọ́gàjí padà lọ́wọ́ ọmọ iṣẹ́ kankan rí torí pé kò sanwó ọdún.

Mo gbé sátífíkéètì mi lọ fi han bàbá wa, inú mi ń dùn bí ọmọ tó gba ipò kìíní. Ó wò ó, ó yí ẹ̀yìn ẹ̀ wò, ó bi mí pé ta ló fọwọ́ sí i, mi ò mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n dúró. Mo dúró. Ó fi ọwọ́ kan kàn mí léjìká, mi ò lè pè é ní ìtì rárá, àfi bí ìgbà téèyàn ń gbọn eruku kúrò lára aṣọ ẹlòmíì, èmi bá sún sẹ́yìn ìgbésẹ̀ mẹ́ta, díẹ̀ ló kù kí n jókòó lé báàgì àwọn èèyàn. Ó dá ìwé mi padà fún mi, ó ní "ìwé yìí ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń dúró". Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo sunkún díẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, torí 695 pọ́ùn yẹn, owó iṣẹ́ alẹ́ mélòó kan ni.

Kí n má purọ́, ìwé náà wúlò lọ́nà kan, mò ń bọ̀ níbẹ̀. Nílùú Ọba níbí kò sí òfin tó ní o gbọdọ̀ gba láísẹ́ǹsì kó o tó kọ́ èèyàn ní tai chi. Ẹgbẹ́ wà, Tai Chi Union for Great Britain ti wà láti 1991, British Council for Chinese Martial Arts náà wà, ó sì dáa kéèyàn wọ ọ̀kan, àmọ́ wọn kì í ṣe ìjọba. Ohun tí gbogbo ayé máa bi ẹ ni ìńṣọ́ránsì. Nígbà tí mo lọ wá họ́ọ̀lù, họ́ọ̀lù ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Peckham, 18 pọ́ùn fún wákàtí kan, obìnrin tó ni kọ́kọ́rọ́ ò tiẹ̀ wo sátífíkéètì tí mo ti fi fúréèmù sí yẹn. Ó ní níbo ni public liability ẹ wà, ìńṣọ́ránsì tẹ́nì kan bá fara pa, ta ni fẹ́ẹ̀sì éèdì yín, kọ ewu tó lè ṣẹlẹ̀ sílẹ̀ nínú ìwé kó o fún mi, má sì gbàgbé pé àga gbọ́dọ̀ padà síbi tó wà. Iléeṣẹ́ ìńṣọ́ránsì ló wá béèrè sátífíkéètì, fọ́tò tí mo yà lórí fóònù ni mo fi ránṣẹ́. Ibì kan ṣoṣo tó ti ṣiṣẹ́ fún mi nìyẹn, tí n bá sì ní ìwé látọwọ́ bàbá wa náà, wọ́n á gbà á, mo ti béèrè lọ́wọ́ wọn.

Ọjọ́ àkọ́kọ́, èèyàn mẹ́ta ló wá. Ọ̀kan nínú wọn, àbúrò obìnrin tó ni kọ́kọ́rọ́ ni. Pọ́ùn méje méje, 21, ẹ yọ 18 kúrò, mo jèrè pọ́ùn mẹ́ta, bọ́ọ̀sì gba gbogbo ẹ̀ lọ. Ìyá kan wà níbẹ̀, mọ́mì Ìjẹ̀bú, ẹni ọdún 71, a bẹ̀rẹ̀ dáadáa, mo wá ṣe bí fídíò ṣe kọ́ mi, mo ní "ẹ dijú yín, ẹ máa mí". Mọ́mì dijú, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ọ̀pẹ tí atẹ́gùn ń tì. Iṣẹ́ kíà tí mo ti ṣe ló yọ mí, mo ti gbá wọn mú kí n tó mọ̀. Wọ́n lanu wọ́n ní "ọmọ mi, ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà. Irọ́ ni mo pa.

Mo gbé e lọ bá bàbá wa. Kò bínú, ó kàn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi, àwọn nǹkan kéékèèké tó jẹ́ pé iṣẹ́ gan-an nìyẹn: àgbàlagbà kì í dijú lórí ìdúró, ojú ni wọ́n fi ń dúró. Gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ kálukú, má ṣe sọ pé fún aláìlera ni, ìwọ náà gbé tìẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ. Béèrè oògùn wọn kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀, má béèrè lójú àwùjọ. Orúnkún gbọ́dọ̀ máa tẹ̀ lé ìka ẹsẹ̀, ibi tí ìka bá kọjú sí. Fi àwọn tó ti mọ̀ ọ́n sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, torí ibì kan wà nínú fọ́ọ̀mù tí gbogbo yín á yí kọjú sẹ́yìn, ẹni tuntun ò ní rí ẹ mọ́, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ wà níwájú ẹ̀ tó máa wò. Igun mẹ́rin yìí! Mo ti kọ́ kíláàsì méjì tí gbogbo èèyàn dúró síbi tí a ti yí tí wọ́n ń wo ògiri bí ẹni tó gbàgbé ohun tó wá rà. Wákàtí kan pẹ̀lú bàbá yìí, ife tíì kan, kò gba kọ́bọ̀. Ọsàn nìkan ló máa ń gbà lọ́wọ́ mi, ọsàn ọ̀hún gbọ́dọ̀ dùn o, ó máa ń dá a padà tó bá kan.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń béèrè pé ṣé owó wà níbẹ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, kíláàsì mẹ́ta ni mò ń kọ́ lọ́sẹ̀. Tuesday ní họ́ọ̀lù yẹn, èèyàn mẹ́rìnlá tí oòrùn bá yọ, mẹ́jọ tí òjò bá rọ̀. Thursday ní ẹgbẹ́ àwọn àgbàlagbà kan, wọ́n ń san 40 pọ́ùn fún mi yálà èèyàn méjì wá o, ogún wá o, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Friday ní ilé kíà tí mo ti ń ṣiṣẹ́, orí àga ni gbogbo wọn wà, iṣẹ́ yẹn ló sì le jù nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ ṣírò ẹ̀ kẹ́ ẹ rí i, mi ò tíì fi iṣẹ́ kíà sílẹ̀, mo kàn gé òru méjì kúrò ni. Kíláàsì wákàtí kan ń jẹ wákàtí mẹ́ta, ọkọ̀, àga títò, ìyá tó fẹ́ sọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀ tí ò pè é. August kò sówó, Kérésìmesì kò sówó. Tó o bá lo orin, owó láísẹ́ǹsì orin wà, èmi yọ orin kúrò, a ń gbọ́ bọ́ọ̀sì 12 níta, ó tó wa. Tí owó tó ń wọlé fún ẹ níbẹ̀ bá ti kọjá 1,000 pọ́ùn láàárín ọdún owó orí, lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ HMRC, àwọn agbowó orí ìjọba, kó tó di 5 October, kó o sì ṣe ìwé ẹ kó tó di 31 January, wọn kì í bẹ èèyàn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má gbìyànjú ẹ̀, wọn ò gbà kẹ́ ẹ dá iṣẹ́ ara yín sílẹ̀. Kọ́ọ̀sì ò sọ ìkankan nínú èyí, àfi Instagram.

Kò sì lè sọ tàwa gan-an. Ọ̀sẹ̀ kẹta, mọ́mì Ìjẹ̀bú ní pásítọ̀ àwọn ní òun fẹ́ rí mi. Mo ti mọ̀. Pásítọ̀ bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé ṣé kì í ṣe òrìṣà àwọn ará Ṣáínà la fẹ́ máa bọ nínú họ́ọ̀lù. Mo sọ òótọ́ fún wọn, mo ní orúkọ yẹn, taiji, inú ìmọ̀ ayé àtijọ́ wọn nípa yin àti yang, ohun méjì tó yàtọ̀ síra tó ń gbé ara wọn ró, ló ti wá, àwọn kan ń bá a lọ dé ibi ẹ̀sìn, àmọ́ èmi ò kọ́ ẹnikẹ́ni ní àdúrà, bí wọ́n ṣe ń dúró tí wọn ò ní ṣubú nínú balùwẹ̀ ni mò ń kọ́ wọn. Mo ní kí wọ́n wá wò ó. Wọ́n wá, wọ́n jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú apá kíká. Ọ̀sẹ̀ kejì wọ́n bọ́ bàtà. Ẹ̀yìn ló ń dùn wọ́n.

Ohun tó tún wá ràn mí lọ́wọ́ níbẹ̀ ni pé mo ti sọ gbogbo orúkọ ìgbésẹ̀ náà di Yorùbá. Nínú kọ́ọ̀sì wọ́n ní ká máa pe orúkọ bí wọ́n ṣe kọ ọ́, "White Crane Spreads Its Wings", àwọn ìyá mi ń wò mí bí ẹni tí ń ka ìwé òfin. Mo wá ní lékèélékèé na ìyẹ́. Gbogbo wọn gbé apá sókè lẹ́ẹ̀kan náà láìjẹ́ pé mo fi hàn wọ́n! Ta ni nínú wọn tí kò tíì nawọ́ sí lékèélékèé lókè rí nígbà èwe pé kó fún òun ní èékánná funfun. A lé ọ̀bọ padà sẹ́yìn, a di ológoṣẹ́ mú nírù, ọwọ́ wa ń rìn bí ìkùukùu, àkùkọ wúrà dúró lẹ́sẹ̀ kan, mo ní kí wọ́n di àga mú lójú ti àkùkọ. Pipa tí wọ́n máa ń ta nínú ìgbésẹ̀ kan, dùùrù àwọn ará Ṣáínà, mo sọ ọ́ di gòjé, dádì kan láti Ìlọrin ní kò jọ bí wọ́n ṣe ń di gòjé mú, òun ló wá ń tún un ṣe fún wa. Òótọ́ ni, kò jọ ọ́. Mi ò yí i padà, torí inú dádì ń dùn tí wọ́n bá ń bá wa wí.

Ẹ̀rí tí mo máa ń mú lọ bá àwọn tó fẹ́ gbà mí síṣẹ́ náà, kì í ṣe inú fídíò ni mo ti rí i. Ìwádìí tí Cochrane, ẹgbẹ́ tó máa ń yẹ ìwádìí ìlera wò, kó jọ lọ́dún 2019 lórí àwọn àgbàlagbà ní tai chi lè dín iye ìgbà tí wọ́n ń ṣubú kù ní nǹkan bí ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì sọ pé ẹ̀rí ọ̀hún ò tíì lágbára tó bẹ́ẹ̀. Mo máa ń ka gbólóhùn kejì yẹn fún wọn pẹ̀lú. Ọ̀gá kan ní ẹgbẹ́ Thursday sọ fún mi lẹ́yìn náà pé torí gbólóhùn kejì yẹn lòun ṣe gbà mí, pé ẹni tó wá ṣáájú mi ní òun lè wo ẹsẹ̀ wíwú sàn. Àwọn ibi tí NHS, ètò ìlera ìjọba, wà nínú ẹ̀ máa ń fẹ́ kó o ní ẹ̀kọ́ míì, bí Otago, eré ìdárayá táwọn àgbàlagbà ń ṣe kí wọ́n má bàa máa ṣubú, mo ti forúkọ sílẹ̀ fún tiẹ̀, á tó ọdún tó ń bọ̀.

Torí náà kí ni kẹ́ ẹ ṣe? Tẹ́ ẹ ò bá tíì lo ọdún méjì lọ́dọ̀ ẹnì kan tó ń wo orúnkún yín lójúkojú, ẹ fi owó yẹn sílẹ̀. Ẹ wá bàbá kan, ìyá kan, ní páàkì, ní họ́ọ̀lù kánsù, tó ń kọ́ èèyàn mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan, ẹ bi í pé ta ló kọ́ ọ, tí ojú ẹ̀ bá tàn tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ìtàn gígùn, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ tún bi í bóyá ẹ lè máa ràn án lọ́wọ́, ẹ tò àga, ẹ dúró ní igun. Èmi ṣì ń lọ sọ́dọ̀ bàbá wa ní gbogbo Saturday tí mi ò bá sí lẹ́nu iṣẹ́, ó ní ìdajì àkọ́kọ́ fọ́ọ̀mù 37 ni mo lè máa fi kọ́ni, ìdajì kejì ṣì ń mì. Tẹ́ ẹ bá ti wà lẹ́nu ẹ̀ tipẹ́, tó sì jẹ́ ìwé fún ìńṣọ́ránsì lẹ ń wá, kọ́ọ̀sì tó dín owó sí tèmi pọ̀, ẹ ṣáà bi wọ́n ní kíkọ sílẹ̀ pé èló lẹ máa san lọ́dún kejì.

Ímeèlì wọn tún wọlé láàárọ̀ yìí, wọ́n ní orúkọ mi máa kúrò nínú ìwé ní ìparí oṣù, wọ́n sì ti wá fi ṣáàtì kan kún un lọ́fẹ̀ẹ́. Ìràwọ̀ méjì nínú márùn-ún ni mo fún wọn, ọ̀kan fún dígí, ọ̀kan fún obìnrin tó kọ́ wa ní dígí. Ṣáàtì ti àkọ́kọ́ mo ti fi ń nu fèrèsé.